Ohun Tó Wà Lábẹ́ Pákó Ilé Ṣówùnmí

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà Ṣówùnmí fún yín. Abẹ́òkúta ló ń gbé, nínú ilé àtijọ́ tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ ilé náà kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Pákó ni, wọ́n gbé e lé orí àwọn igi ìdábùú, àyè tóóró kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn kò lè wọ̀ àfi kó dojú bolẹ̀ kó máa wọ́ bí ejò. Ọmọlúàbí ni Ṣówùnmí, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: ohun tí àlejò lè rí nìkan ló máa ń tọ́jú. Ibi tí ojú kò tó, kò kàn án.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, pákó yàrá ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá náà, Ẹfúnṣeéwé, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní òtútù ń ti ilẹ̀ wọ òun lára. Ṣówùnmí bá ránṣẹ́ pe Gàníyù káfíńtà. Gàníyù fi òòlù kan ilẹ̀, ó mi orí.

“Tíṣà, ìsàlẹ̀ ni àìsàn yìí wà. Ẹ jẹ́ ká ṣí pákó mẹ́ta, ká wo àwọn igi tó gbé e. Ó jọ pé ikán ti débẹ̀.”

“Ká ṣí kí ni? Pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Àwọn ẹbí ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bá mi kan èyí tó ń dún mọ́lẹ̀, kí n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e.”

Gàníyù bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, yàrá náà ń dán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ṣówùnmí kò ti balẹ̀ mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ń rìn, á máa tẹ́tí. Bí pákó bá dún, á sáré lọ yọjú wò ó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí àlejò bá ti lọ, òun á pe Gàníyù padà. Àlejò dé, àlejò lọ, kò pè é.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ “gbàù!” Igbe ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Nígbà tó sáré wọlé, ilẹ̀ ti jìn níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ̀ ti wọ inú ihò dé itan, pákó tó ṣẹ́ sì há a mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá náà ti fì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣówùnmí fẹ́ fà á jáde. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ síwájú, gbogbo ilẹ̀ mì, kọ́bọ́ọ̀dù tún tẹ̀ sí i. Ó fà sẹ́yìn, ó figbe pe Gàníyù.

Gàníyù sáré dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì. Ó ké pé, “Kí ẹnikẹ́ni má tẹ ibẹ̀! Igi abẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. Àfi kí ènìyàn wọ abẹ́ pákó, kó fi jáàkì ọkọ̀ gbé e, ká tó lè gé pákó tó há Màmá mọ́.” Ó fi èjìká wọn ihò ìsàlẹ̀ ògiri ìta tí wọ́n ń gbà wọ abẹ́ pákó, kò gbà á. Ṣówùnmí ló tín-ín-rín.

Ó gba jáàkì àti tọ́ọ̀ṣì, ó dojú bolẹ̀, ó wọ́ wọlé. Omi dúró síbẹ̀, ó tutù bíi yìnyín. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Igi márùn-ún ló wà níbẹ̀, méjì péré ló kù tó le. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan, ó ya dànù bíi búrẹ́dì tó rì sómi, ikán sì bo ọwọ́ rẹ̀. Níwájú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ rọ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

“Àjàmú, ṣé ìwọ ló wà níbẹ̀ yẹn?” Oríkì rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi pè é.

“Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira.”

Ó gbé jáàkì kalẹ̀, ó yí i. Jáàkì rì sínú ẹrẹ̀, igi orí rẹ̀ sì là, eruku dà sí i lójú. Ó rò pé ó ti tán. Ó ń gbàdúrà, ó ń wá ilẹ̀ kiri, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bá ègé pákó kan. Ó fi tẹ́ abẹ́ jáàkì, ó tún yí i. Díẹ̀díẹ̀, igi náà gbéra. Ó gbọ́ ìró ayùn Gàníyù lókè. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ gòkè lọ, Ṣówùnmí sì gbé orí lé inú ẹrẹ̀, ó sunkún.

Wọ́n gbé ìyá náà lọ sí ọsibítù, wọ́n rán ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé igi yẹn ti jẹrà ni?” Gàníyù kò tíì sọ ìkìlọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣówùnmí ìbá purọ́, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

“Wọ́n sọ fún mi, Màmá. Ojú àlejò ni mo ń wò.”

Ìyá náà ní, “Ó dáa tó o fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Lọ tún un ṣe.”

Wọ́n ṣí gbogbo pákó. Wọ́n la ojú omi sẹ́yìn ilé, wọ́n pa ikán, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn lé e kí ọ̀rinrin má baà gòkè. Wọ́n fi igi apá pààrọ̀ àwọn tó jẹrà, wọ́n sì ki fóòmù sí àárín wọn nítorí òtútù. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló wọ́ wọlé lọ kan pákó tó di fóòmù náà mú. Ilé náà dúró digbí, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni ìyá rẹ̀ fi ń rìn títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ẹwà bo ìbàjẹ́, ẹ má sì kọ etí ikún sí ẹni tó mọṣẹ́. Ohun tí a bá fi pamọ́ fún ojú ayé kì í ṣíwọ́ jíjẹrà, ẹni tí a fẹ́ràn jù ló sì lè jìn sínú rẹ̀. Àwọn àgbà ló wí pé, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.