Àlá Tí Hannah Rọ́ Níwájú Pẹpẹ

"Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn, Bàbá Fìyìn."

Ọ̀rọ̀ tí Hannah sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́runfẹ́mi gbé ife omi sí i lẹ́nu, ó bi í pé òru wo. Ẹ̀mí ti bọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, ní Ọjọ́bọ̀, nínú yàrá wọn ní Ìlọrà. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì.

Níbi ìsìnkú, ọkọ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún Wòlíì, Wòlíì sì fi ṣe ìwàásù. Ó ní olùṣọ́ kì í sùn. Ó ní ojú Ìyá Fìyìn ni Ọlọ́run fi ń ṣọ́ ìjọ wọn. Gbogbo èèyàn ṣe àmín. Bí Hannah bá lálàá, ó máa ń ṣẹ. Àlá rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé tí wọ́n fi kọ́ ilé àdúrà síbi tó wà. Àṣà wọn sì ni pé àlá tí èèyàn bá ti kúnlẹ̀ rọ́ níwájú pẹpẹ, ẹni tó lá a nìkan ló lè sọ pé kí wọ́n má tẹ̀ lé e mọ́.

"Ẹ máa sùn dáadáa, Bàbá," Wòlíì wí fún un. "Wọ́n á wá bá yín lójú àlá."

Oorun kì í bá Ọlọ́runfẹ́mi jà. Bó bá ti gbórí lélẹ̀, àárọ̀ ló kù. Ó gbórí lé ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀, ó sùn, kò rí i.

Ní àárọ̀ Sátidé, Sàúdátù aládùúgbò wọn wá kí i. Òun ló ń ta ẹ̀gúsí, Hannah a máa bá a bó o. Ó jókòó, ó nu imú.

"Ọwọ́ ìyàwó yín yá jù. Ẹ̀kún igbá tí mo gbé fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe kírun àsùbá ọjọ́ kejì tán báyìí, ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi. Ó ti bó o tán. Mo ní, Ìyá Fìyìn, ṣé àlùjọ̀nnú lẹ fi ṣe ọmọọṣẹ́ ni?"

"Kí ló wí?"

"Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ọlọ́runfẹ́mi gbé ife omi, kò mu ún.

Bí Sàúdátù ṣe jáde ni Akínwálé wọlé, ọmọ ìjọ wọn tó ń ṣe bíríkìlà. Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí ní ilé agbẹ̀bí ìjọ láti àná. Ọmọ náà dábùú nínú. Nọ́ọ̀sì kan ní Jọbẹlẹ ti sọ fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó lè kú tọmọtọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé mọ́tò wá, Bàbá. Ó ní ká máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́. Ó ní ọ̀dẹ̀ ni mí."

"Wòlíì ńkọ́?"

"Wọ́n ní àlá Màmá ni ká dì mú. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá rọ́ ọ níwájú pẹpẹ láàárọ̀ Ajé. Màmá ní lóru mọ́jú ọjọ́ náà, àwọn rí Bùkọ́lá lórí afárá, ó pọnmọ, irin kankan ò kàn án lára." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ṣé Màmá ò sọ nǹkan mìíràn kí wọ́n tó lọ?"

Ọlọ́runfẹ́mi gbójú sókè wo fọ́tò Fìyìnfólúwa lára ògiri, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ló kú sí, tòun toyún. Láti ìgbà náà, bí Hannah bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi abẹ kan aboyún, kì í lè sùn.

"Ohun tí wọ́n sọ," ó wí, "gbogbo yín gbọ́ ọ níbi ìsìnkú."

"Pé wọn ò sùn." Akínwálé mirí. "Olùṣọ́ ni wọ́n lóòótọ́. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Ó jáde. Kò pẹ́ tí mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi kọjá lójúde, ẹ̀gbọ́n náà nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n báyìí, Ọlọ́runfẹ́mi kò sì tíì ká ẹní Hannah, kò tíì fọ ife tó fi mu omi kẹ́yìn, kò tíì lálàá rẹ̀, kò tíì dìde lórí àga, kò sì tíì sọ fún Akínwálé pé òru ọjọ́ Àìkú mọ́jú Ajé, òru tí Hannah ní òun lálàá Bùkọ́lá, ló fi bó ẹ̀gúsí láìsùn rárá.