Aṣọ Ìsàlẹ̀ Àpótí

Ọ́fíìsì àgbà ní Rarotonga kọ̀wé sí Tepaeru pé bí àlejò láti òkè òkun kò bá pé ọgbọ̀n níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọwọ́ Mauke lọ́dún yìí, wọn yóò gbé àjọ̀dún náà lọ sí erékùṣù mìíràn. Lọ́dún tó kọjá, àlejò mẹ́rin ló wá. Ọ̀kan nínú wọn ṣi bàálù wọ̀ ni.

Iṣẹ́ Tepaeru ni láti polongo ijó, orin àti aṣọ erékùṣù náà kí ayé lè wá wò ó. Ọmọ Rarotonga ni, ọdún kẹta rẹ̀ ní Mauke rèé, ibẹ̀ sì ti mọ́ ọn lára ju bó ṣe rò lọ. Bí àjọ̀dún bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, á sì padà sílé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rù ń bà á gidi.

Ó mú lẹ́tà náà lọ bá Màmá Ngapoko, opó ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nínú gbogbo màmá tó ń gé aṣọ bí òdòdó lé aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ńlá, tí wọ́n ń fọwọ́ rán an di tivaevae, kò sẹ́ni tó tó o. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ó ku òun àti ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta.

“Màmá, ẹ yá mi láṣọ kan tí màá fi ya àwòrán ìpolówó. Pupa orí bẹ́ẹ̀dì yín yẹn.”

“Ìyẹn? Ìyẹn ò lè pe ajá wálé.”

Màmá ṣí àpótí. Ó kó aṣọ méje jáde, ó sì fa ìkẹjọ yọ nísàlẹ̀ pátápátá. Aṣọ funfun ni, òdòdó aláwọ̀ àlùkò kún ara rẹ̀, oòrùn ò sì tíì kàn án rí. Ẹnu Tepaeru ò pa dé. Màmá mú fóònù ara rẹ̀ lórí tábìlì, ó pa á, ó fi í sí àyè tí aṣọ náà wà tẹ́lẹ̀, ó sì ti àpótí.

“Ariwo rẹ̀ ń dà mí láàmú bí mo bá ń ránṣọ,” ló wí.

“Ẹ jókòó síwájú aṣọ náà, Màmá, kí ẹ rẹ́rìn-ín.”

“Kí n rẹ́rìn-ín sí ta ni? Aṣọ nìkan ni kó o yà. Bí ojú mi bá wà níbẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.”

“Kí la máa wá kọ sí i?”

“Orúkọ Mauke, ọjọ́, àti ‘Ẹ máa bọ̀.’ Má rojọ́.”

Tepaeru fẹ́ lẹ ìwé ìpolówó náà mọ́ àwọn òtẹ́ẹ̀lì táwọn òyìnbó ń dé sí. Màmá ní oòrùn làwọn yẹn ń wá. Ó ní kó fi ogún ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Tokoroa, ní New Zealand, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Mauke tó ń gbé ibẹ̀.

“Màmá, àwọn ará wa kì í ṣe àlejò.”

“Ẹni tí ò délé fún ọdún mọ́kànlá, kí ló kù tó fi yàtọ̀ sí àlejò?”

Tepaeru rẹ́rìn-ín. “Ọgbọ̀n ni wọ́n ní kó pé o.”

Màmá na ìka rẹ̀, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. “Á fi mẹ́ta lé,” ló wí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kìlọ̀ fáwọn aládùúgbò pé bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n láti òkè òkun nípa aṣọ náà, ọ́fíìsì Tepaeru ni kí wọ́n darí rẹ̀ sí. Tepaeru dúpẹ́. Ìyá tó mọ̀lànà ọ́fíìsì báyìí ṣọ̀wọ́n.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkùnrin kan pè láti Tokoroa. Ó ní Teariki lòun ń jẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ funfun olódòdó yẹn, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ti gbé e jáde?”

“Lóòótọ́ ni, sà! Ó ti wà ní gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn màmá ti ń kọrin níbẹ̀ lálaalẹ́.”

“Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí wa o.”

“Ká bẹ̀rẹ̀ kẹ̀! Torí yín la ṣe ń ṣe é.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Tepaeru kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìpolówó náà ń wọni lọ́kàn. Nígbà tó ròyìn fún Màmá, Màmá ní kí wọ́n so ẹlẹ́dẹ̀ kẹta mọ́lẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá ẹní.

Lọ́jọ́ Sátidé, bàálù méjì já èrò sílẹ̀. Tepaeru kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Funfun ni gbogbo wọn wọ̀, àwọn obìnrin wọn sì gbé tivaevae tiwọn dání, ní kíká. Àlejò kankan ò gbé iṣẹ́ ọwọ́ wá sí àjọ̀dún rí. Inú Tepaeru dùn débi pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkíni tó kọ sórí bébà.

Àwọn oníjó jáde, wọ́n ń jùdí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan fi fìlà bojú. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan wá di ọwọ́ Tepaeru méjèèjì mú.

“Èmi ni Teariki. Ẹ ṣé tí ẹ dúró tì wá.”

“Iṣẹ́ mi ni, sà,” ni Tepaeru wí.

Wọn ò yà síbi oúnjẹ, wọn ò yà síbi àwọn agbẹ́gilére. Orin ìsìn ni wọ́n ń kọ lọ sí gbọ̀ngàn. Aṣọ funfun náà wà lára ògiri, Màmá Ngapoko sì jókòó sórí àga lábẹ́ rẹ̀, ó ń rán tuntun. Orin náà dá wáí.

Màmá fi eyín já òwú, ó wo àkọ́bí rẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Teariki, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé ohun tí mo wí, pé ọjọ́ tí ẹ bá rí aṣọ ìsìnkú mi níta àpótí ni kí gbogbo yín wálé wá sin mí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pè yín wá jẹun tí ẹ ò ráyè, ó yá, ẹ lọ ṣanwọ́, ẹlẹ́dẹ̀ ti jinná.”