Ẹlẹ́wọ̀n Inú Ìdílé Purslow

Ní àfonífojì odò Huon, ní gúúsù Tasmania, erékùṣù kan ní Ọsirélíà, ẹni tí baba ńlá rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi pamọ́ mọ́. Orí ògiri pálọ̀ ni wọ́n ń gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ sí. Glenys Purslow ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, òun àti Mervyn, baba rẹ̀, ni wọ́n jọ ń gbé nínú oko ápù wọn. Ó wu òun náà kó ní ẹlẹ́wọ̀n tirẹ̀.

Ó sì rí i. Amos Purslow lorúkọ rẹ̀.

"Àgùntàn kan ṣoṣo ló jí, Bàbá," ló sọ nídìí oúnjẹ. "Wọ́n gbé e wá síbí, wọ́n sì nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó."

Mervyn ń fi bọ́tà sí ànàmọ́ rẹ̀. "Ẹni tó ti kú, kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ẹ máa tijú rẹ̀ lọ. Èmi ò tijú."

"Mi ò sọ pé mo ń tijú."

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Victoria, ní òdì kejì òkun, ni wọ́n ti bí i, àmọ́ láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sọdá, kò padà síbẹ̀ mọ́, kò tilẹ̀ lọ sin ìyá rẹ̀. Baba rere ni. Nígbà tí Glenys ń dàgbà, òun ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ síbi gbogbo. Ó máa ń kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ọkùnrin tí kò mọ̀, pàápàá èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín.

Glenys ń wá àwọn ìbátan Amos tó ṣì wà láàyè. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń gba itọ́ èèyàn, tí wọ́n á sì fi wá àwọn tó bá a tan.

"Má ṣe é," ni Mervyn wí nígbà tó gbọ́.

"Itọ́ mi ni, Bàbá, kì í ṣe tiyín."

"Tìẹ, tèmi, kí ni ìyàtọ̀?"

Glenys rẹ́rìn-ín. "Mo ti fi ránṣẹ́."

Mervyn gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Kò bínú. Lọ́jọ́ kejì, ó fa ajá rẹ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́, ó ní wàhálà rẹ̀ ti pọ̀ jù fún òun. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ó ń mú Glenys káàkiri oko, ó ń kọ́ ọ ní ẹ̀ka tó yẹ kó gé àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀rọ omi. Glenys rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn ń gbàdúrà pé kó ṣojú bàbá òun tí àwọn ẹbí Amos bá dé.

Nígbà tí igi ápù ń yọ òdòdó, obìnrin kan pè é láti Melbourne, ní Victoria. Ó ní ọ̀rọ̀ itọ́ yẹn ni, àti ti ẹbí wọn, ṣé àwọn lè wá? Glenys yan kéèkì, ó kó àwọn ife ìyá rẹ̀ jáde. Obìnrin náà àti ọkùnrin kan dé, wọ́n dúró wo orúkọ Amos lára ògiri.

"Ìyà jẹ ẹ́," ni obìnrin náà wí. Kò fẹnu kan kéèkì. "Níbo ni bàbá yín gbé ní Victoria?"

"Gippsland. Wọ́n ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń kó pákó. Ṣé Purslow lẹ̀yin náà?"

"Rárá, mà. Ọlọ́pàá ni wá. Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n pa lójú ọ̀nà Gippsland lọ́dún tí wọ́n bí yín. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó wà lára aṣọ rẹ̀, ó bá tiyín tan."

"Ẹ ti ṣì í," ni Glenys wí. "Àgùntàn ni Amos jí."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Mervyn wọlé, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó ti wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó wo àwọn àlejò náà, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Èwo nínú àwọn ọmọbìnrin náà lẹ rí?"