Ọkọ̀ tí Lékan Kò Ṣe Parí

Ìfẹ́ ìyìn ènìyàn ni ó ba Lékan jẹ́. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, ó sì mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ènìyàn kò bá lè rí, kì í ká a lára láti ṣe é.

Ìyànà Ìbà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ọkọ̀ kékeré kan ló ń gùn, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú nìkan. Àwọn ará ìjọ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀: "Bùrọ̀dá Lékan, ṣé ká sọ̀kalẹ̀ tì í gun afárá ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ńlá, ó ní inú ọkọ̀ yẹn náà ni òun yóò gbé e sí.

Lékan mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ẹ́ńjìnnì ńlá wúwo níwájú, ó sì máa ń fa sítíárìn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó nínú ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ pààrọ̀ bíréèkì àti ṣáàfù tó ń yí táyà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Àmọ́ ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé Sunday ìdúpẹ́ ni wọn yóò ya ọkọ̀ náà sí mímọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ́ńjìnnì ti wọlé, bíréèkì àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Bímpé, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Òkòkòmáìkò, bi í pé, "Bàbá Àánú, bíréèkì tí ẹ ní ẹ máa pààrọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn kéré. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ wo bíréèkì ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, Pásítọ̀ Jeremiah gbé òróró dúró níwájú ọkọ̀. "Iṣẹ́ tó parí nìkan là ń yà sí mímọ́ níbí. Lékan, ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí, sà. Ògo ni fún Jésù!"

Ìjọ hó yèè. Màmá Felicia, ìyá ìjọ, ké sí i pé, "Ìwọ tó o máa ń pẹ́ dé ìsìn, àwáwí ti tán o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Lékan ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀ láti tú bíréèkì. Ó rí àwọn ará ìjọ tó ń kọjá, ó sì rò ó pé wọn yóò bi òun pé, ọkọ̀ tó ti parí, kí ló tún ń tú? Ó yọ jáàkì. Báyìí ló ṣe ń sún un síwájú, Bímpé sì ń wọ ọkọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ láràárọ̀.

"Ó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ o."

"Agbára ni yẹn, ìyá Àánú."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nítòsí bárékè àwọn sójà ní Ọ̀jọ́, bọ́ọ̀sì kan dúró lójijì níwájú wọn. Lékan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bíréèkì àtijọ́ náà kò ká agbára ọkọ̀ náà. Ó yà bàrá, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ tí Bímpé jókòó sí gbá ògiri kọnkéré. Ẹ̀mí Bímpé kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Dókítà ní àwọn ìka náà kò ní í ká mọ́.

Pásítọ̀ wá sí ọsibítù. "Lékan, mo bi ọ́ níwájú Ọlọ́run."

Lékan dojú bolẹ̀. "Kò tíì parí, sà. Mo mọ̀."

Bímpé wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi náà bi yín, Bàbá Àánú. Ẹ ní ìyẹn kéré."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn dé Ìyànà Ìbà, àwọn oníbàárà wá kó ọkọ̀ wọn lọ, Lékan sì ti ṣọ́ọ̀bù pa. Lónìí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó sí. Òun ló ń di àlùmọ́gàjí mú. Bímpé yóò fi ọwọ́ òsì tọ́ka, yóò ní, "Ibí ni kẹ́ ẹ gé," òun yóò sì gé e.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run kò fi òróró rọ́pò iṣẹ́ tó yẹ kí ọwọ́ wa ṣe. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá tíì parí, sọ bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. Bí o bá sì ti purọ́, padà lọ jẹ́wọ́ kíákíá, kí irọ́ náà má baà dí ọ lọ́wọ́ àtúnṣe. Ìtìjú díẹ̀ ni Lékan sá fún. Ara ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ kọ́kọ́ bà.