Àmì Ara Dúró

Ní ọdún 1954, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan ní Ìwó, àwọn ọmọ kíláàsì òkè ń fìyà jẹ àwọn ọmọ tuntun bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n ní kí Dúró, ọmọ àgbẹ̀ ará Kuta, fi orúnkún rìn yí pápá ká nínú oòrùn ọ̀sán. Afọlábí, olórí akẹ́kọ̀ọ́, ń fi kòbókò tẹ̀lé e.

"Kèfèrí, sọ pé 'Yẹ́sà'!"

"Yẹ́sà!"

"Ìyá ẹ ló ń dáhùn yẹn, àbí ìwọ?"

Dúró ṣubú. Wọ́n ní ó ń díbọ́n, wọ́n nà án títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Nígbà tí wọ́n yí i padà, kò sẹ́ni tó rí i pé ó ń mí.

Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, ọ̀gá àgbà, ní kí wọ́n gbé e sínú yàrá ìkẹ́rùsí. Ìyáàfin Ọládùnní, alábòójútó ilé oúnjẹ, ní kí wọ́n pe dókítà.

"Kí ni dókítà fẹ́ ṣe fún òkú?" ọ̀gá àgbà bi í. "Ẹ̀yìn yẹn ni yóò kọ́kọ́ wò, ọlọ́pàá ni yóò sì tẹ̀lé e. Wọn á ti ilé-ìwé yìí pa."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Kuta pé ibà ló pa á. Ìyáàfin Ọládùnní jókòó tì í. Ó pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tún rin èyí tí ó tẹ́.

Èṣùbíyìí, bàbá Dúró, gun kẹ̀kẹ́ dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó yí ọmọ náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Tíṣà, ibà tiyín a máa na èèyàn?"

Bàbá náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Kò tíì gan.

"Àbíkú ni," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ rí kí ó tó wá di Dúró. Ìka ni mo gé nígbà náà, ó tún padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, àyà ni màá là."

Ọ̀gá àgbà ti wàásù lòdì sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Ó wo ojú ẹgba náà. Bí bàbá bá ti fọ̀bẹ ya òkú ọmọ rẹ̀, ta ni yóò tún béèrè ọ̀rọ̀ kòbókò?

"Àṣà yín ni, bàbá. A ò ní dí yín lọ́wọ́."

"Ta ló bi yín?"

Ọ̀gá àgbà rán Afọlábí sí ilé ìdáná. Ọmọ náà mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dú ewúrẹ́ wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún bàbá.

Èṣùbíyìí ṣí ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. "Máa lọ," ó wí. "O ò tún ní rí inú ìyá rẹ wọ̀ mọ́."

Ọ̀bẹ ti wọ àyà náà tán kí Dúró tó la ojú, tí ó ní, "Bàbá."