Orin Tó Ń Kọjá Ògiri

Láwàlì kì í ṣe ahun. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ tó ti ń ta àwo ní Bilbalogo nílùú Ouaga, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a jiyàn, nítorí ẹni tó bá bá a jiyàn, Láwàlì ò ní dín owó àwo kù fún un.

Nígbà tí ìgbéyàwó Sàfúrátù ọmọ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo nǹkan ti wà nílẹ̀ àfi orin. Ìgbà Révolution ni, tí ìjọba ní kí gbogbo ará ìlú máa lo ohun ìbílẹ̀. Aṣọ òwú ìbílẹ̀ ni ìyàwó máa wọ̀, omi ọkà ni àlejò máa mu, kò sì sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní ìwà ahun. Láwàlì fẹ́ràn Révolution gan-an.

Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún Sàfúrátù láti kékeré pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, á jó títí gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ á fi yọ. Ọmọ náà ò gbàgbé. Ó ti ra bàtà.

“Bàbá Sàfú,” ni Mariama ìyàwó rẹ̀ wí, “àwọn àna wa ń bọ̀ láti Porto-Novo. Bí wọ́n bá dé ibí tí wọ́n wá ń gbọ́ ìró ẹnu ara wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun, ilé Raymond lẹ ó ti máa jẹun títí láé. Mo ti wí tèmi o.”

Raymond ni aránṣọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé méjèèjì. Òun náà fẹ́ gbéyàwó fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní Sátidé ìgbéyàwó Sàfúrátù gan-an. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Odette, ọmọ Kétu tí wọ́n bí sí Ouaga, tó jẹ́ délégué, ìyẹn aṣojú, ìgbìmọ̀ Révolution àdúgbò wọn, ti pàṣẹ pé sono, ìyẹn ẹ̀rọ orin ńlá, kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ dún ní òpópónà kan ní Sátidé, kí àwọn èèyàn lè jí síṣẹ́ ìlú lọ́jọ́ Àìkú.

Láwàlì kọ́kọ́ lọ wo Fọlárìn, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń lu orin níbi ayẹyẹ, tí owó rẹ̀ ò ga. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ téèpù níṣojú Láwàlì, ó sì ń fi bírò yí i padà. “No wahala, Alájì,” ló ń wí. Láwàlì gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ sí àdúgbò Cissin.

Níbẹ̀ ni Jìbírílù wà, pẹ̀lú àwo orin rẹpẹtẹ àti àpótí sono tó ga ju Láwàlì lọ. Jìbírílù dá iye owó tó fẹ́ gbà. Láwàlì jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un níjókòó.

“Ọmọ mi, orin ni mo ní kí o wá kọ sí wa létí. Mi ò ní kí o wá fẹ́ ọmọ náà.”

“Tonton,” bí àwọn ọ̀dọ́ Ouaga ṣe ń pe àgbà, “owó epo ẹ̀rọ iná wà nínú ẹ̀.”

“Bí a bá lo iná ilé mi ńkọ́?”

“Iná ilé yín á kú.” Jìbírílù rẹ́rìn-ín. “Ará òpópónà yín kan wá síbí lánàá, Tonton Raymond. Ìyẹn ò tiẹ̀ ná an tó báyìí. Ohun tó ń bi mí ni bóyá ohùn sono mi ń kọjá ògiri.”

“Ṣé ó ń kọjá?”

“Ògiri kẹ̀? Á kọjá ọjà!”

Láwàlì fò dìde. “Barka, ọmọ mi,” ló fi dúpẹ́. Orin ló ń kọ dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Odette.

“Camarade délégué, mo fi Sátidé sílẹ̀ fún Raymond. Kó lo sono tiẹ̀. Ẹ̀mí ìrúbọ ni.”

Odette wò ó. Ó fi ìdikù bo ẹnu, ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ó dá ẹ lójú, camarade?”

“Ó dá mi lójú ṣáká.”

“Òpópónà yín yìí ní ẹ̀mí ìrúbọ o.”

Nírọ̀lẹ́, Raymond yọjú lórí ògiri. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ètò orin ti parí?”

“Pátápátá. Tìrẹ ńkọ́?”

“Ó ti parí pátá!” Àwọn méjèèjì kí ara wọn kú oríire.

Nígbà tó di Sátidé, Láwàlì gbé àga ìyàwó sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an. Ó rí i pé àwọn àga Raymond náà kọjú sí ògiri, ó sì gbà pé ọ̀wọ̀ ni aládùúgbò rẹ̀ ń bu fún òun. Àwọn àna jókòó. Wọ́n jẹun. Ìró ẹnu wọn ń dún. Mariama wo ọkọ rẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò.

Láwàlì gun àga láti yọjú. Raymond náà ti wà lórí àga lódìkejì.

“Sono rẹ dà?”

“Tèmi kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Tiyín ni mo ń dúró dè!”

Sàfúrátù gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ojú ti Láwàlì dé egungun. Ká ní Jìbírílù wà níbẹ̀ ni, gbogbo iye tó dá ni Láwàlì ì bá san, láìná an rárá.

Àfi gbì! Orin bú jáde lójú títì, sono ńlá ni, gìtá ń ké, ìlù ń dún nínú ikùn èèyàn. Yéè! Tilé-tọ̀nà dìde. Sàfúrátù ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó fò sí àárín agbo, Láwàlì sì gbọ́wọ́ sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹsẹ̀ Sàfúrátù ò tíì balẹ̀ tán tí orin fi dákẹ́, tí ohùn Odette sì gba gbogbo òpópónà: “Ẹ ṣé o, camarade Raymond tó fi Sátidé sílẹ̀ fún camarade Láwàlì lọ́jọ́ Ajé, ẹ ṣé o, camarade Láwàlì tó fi í sílẹ̀ fún Raymond lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbìmọ̀ ti gba Sátidé náà lọ́wọ́ yín, sono Jìbírílù yìí la sì háyà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ san owó Jìbírílù, ó yá, kí kálukú jókòó, nítorí ẹ̀kọ́ wa títí ilẹ̀ á fi ṣú ni bí a ṣe ń gbẹ́ ṣáláńgá, apá kìíní.”