Bàbá Tí Kò Fọwọ́ Sí Ìwé Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀gàn ni àléébù Tíṣà Ọláoyè. Kì í mutí, kì í jalè, kì í sì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, Tíṣà kò kà á sí ènìyàn gidi.

Èkìtì ló ti wá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ṣí ilé lẹ́sìn kan sí Ìgandò, ó ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Wọ́n ń yege, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìpájà. Bí ọmọ kan bá kùnà ìbéèrè, Tíṣà á nawọ́ sí ìta, á ní, "Lọ bá àwọn tó ń to táìlì. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa po sìmẹ́ńtì."

Bàbá Hamdalah, tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan náà, iṣẹ́ táìlì ló ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn. "Tíṣà, ẹ ṣáà rántí pé orí táìlì tí mo tò lẹ dúró sí."

Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó Tíṣà fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Moyọ̀sọ́rẹ lorúkọ rẹ̀. Ó wọ yunifásítì, ó ṣe ọdún méjì, kò sì yege. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ló ń há sínú yàrá ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ohùn olùkọ́ ń dún lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì sí èyí tó ń wọ Moyọ̀sọ́rẹ lórí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú nǹkan palẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa wò ó kó tó yé e. Nígbà tí fíríìjì ilé wọn kọ́kọ́ bàjẹ́, ó jókòó ti ẹni tó wá tún un ṣe. Nígbà tó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òun fúnra rẹ̀ ló tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kan, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn kan lọ́wọ́.

"Dádì, mo ti rí ibi tó bá mi mu. Ọ̀dọ̀ Màdámù Cecilia ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, a ó máa kọ́ iṣẹ́ fíríìjì ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ méjì, a ó máa lọ kàwé ní pólì. Lọ́dún kẹta, màá gba dìpúlómà, màá sì ti mọṣẹ́. Wọ́n ní kí òbí tàbí alágbàtọ́ fọwọ́ sí i."

"Kí n wá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ Ọláoyè ń kọ́ṣẹ́ fíríìjì?"

"Dádì, kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kàwé. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa níbẹ̀ ni kò wọ̀ mí lórí."

"Gbé e kúrò níwájú mi, jàre! Ẹni tó bá wù ú ni kó fọwọ́ sí i. Kí onítọ̀hún sì máa jẹ́ bàbá rẹ lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí wọ́n parí orúkọ gbígbà. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Bàbá Hamdalah bá Moyọ̀sọ́rẹ níbi tó ti ń sunkún nídìí kànga. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí Ìṣẹ̀rí.

Màdámù Cecilia na bírò sí i. "Ẹ̀yin lẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù o. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i là ń pè."

"Màá wá, màdámù. Mi ò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ mi kọ."

Ọdún mẹ́ta ni Moyọ̀sọ́rẹ fi wọ aṣọ iṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Tíṣà ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun wà ní yunifásítì. Lọ́dún kẹta, fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí bàjẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Àgbàdo. Ọkùnrin méjì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí wọ́n lọ ra tuntun. Moyọ̀sọ́rẹ tú u, ó rí ibi tí gáàsì ti ń jò, ó dí i, ó rọ gáàsì tuntun sí i, fíríìjì náà sì ti ń tutù kí yìnyín tí wọ́n fi tọ́jú àwọn abẹ́rẹ́ náà tó yọ́. Nígbà tí èsì pólì jáde, òun ló ṣe ipò kìíní. Ilé iṣẹ́ ńlá kan sì gbà á síṣẹ́ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù rárá.

Ìgbà yẹn ni Tíṣà wá rántí pé òun lọ́mọ. Ó dá agbádá, ó sọ fún àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ó sì kó wọn lẹ́yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màdámù Cecilia.

Moyọ̀sọ́rẹ kúnlẹ̀. Àpótí irinṣẹ́ tuntun wà níwájú rẹ̀. Màdámù Cecilia ní, "Kí bàbá ọmọ yìí bọ́ síwájú."

Tíṣà dìde, ó ká apá agbádá sókè.

Màdámù wo ìwé àdéhùn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ yín?"

"Ọláoyè. Èmi ni mo bí i."

"A ò bá yín jiyàn, sà. Ṣùgbọ́n orúkọ yín kọ́ ló wà níbí."

Tíṣà wo ọmọ rẹ̀. Moyọ̀sọ́rẹ kò gbójú sókè.

"Dádì, ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá wù ú ni kó fọwọ́ sí i."

Bàbá Hamdalah fẹ́ yẹ̀ fún un. "Màdámù, ẹ ṣáà jẹ́ kí Tíṣà—"

"Rárá o. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyí."

Bàbá Hamdalah gbé àpótí náà, ó fi lé Moyọ̀sọ́rẹ lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ti le koránkorán lé e lórí. Ó ṣàdúrà gígùn. Mùsùlùmí ń ṣe àmín, Kristẹni ń ṣe àmín. Màdámù tú aṣọ iṣẹ́ lára Moyọ̀sọ́rẹ, ariwo ayọ̀ sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e sókè, wọ́n sì ń kọrin yí ṣọ́ọ̀bù ká.

Tíṣà padà sórí àga rẹ̀. Ṣóbọ̀wálé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì, rọra bi í pé, "Tíṣà, ṣé yunifásítì tí ẹ sọ fún wa nìyí?" Nígbà tí wọ́n pe àwọn òbí fún fọ́tò, Tíṣà jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì bó ṣe dúró sí ipò bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ òun.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò pọ̀. Bí ọmọ kò bá gba ẹ̀kọ́ lọ́nà tí a fi ń kọ́ ọ, ẹ má tíì pè é ní olódo. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó bá a mu, kí ẹ sì bá a wá a. Yunifásítì dára, pólì dára, iṣẹ́ ọwọ́ dára. Bí ọmọ bá mú ìwé wá kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ fara balẹ̀ kà á kí ẹ tó lé e sẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò lè bínú bí wọ́n bá pe ẹlòmíràn ní bàbá lọ́jọ́ ayọ̀.